Jímọ̀ ni fún Wọn, Sátidé ni fún Wa

Òkúta yẹn ti wọlé kí n tó rí ẹni tó jù ú. Ó la gíláàsì iwájú mọ́tò kọjá, ó bọ́ sí mi lórí itan. Gíláàsì kún inú bùbá mi bí iyọ̀. Ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ n padà sẹ́yìn díẹ̀, kí ohun tó gbé wa débẹ̀ lè yé yín.

Ọdún 1991 ni, nígbà ville morte ní Douala, ilẹ̀ Kamẹrúùnù. Àwọn tó ń bá ìjọba jà ní kí gbogbo ìlú kú láti Mọ́ńdè títí Jímọ̀ á fi parí. Ṣọ́ọ̀bù ò gbọdọ̀ ṣí, mọ́tò ò gbọdọ̀ rìn. Sátidé àti Sọ́ńdè nìkan la fi ń wá jíjẹ. Mọ́tò tó bá jáde lọ́jọ́ tí kò yẹ, iná ni. Ẹni tó wà nínú ẹ̀ ńkọ́? Ìyẹn dọwọ́ Ọlọ́run.

Sàlísù ọkọ mi, Toyota ló fi ń kó tòmáàtì àti ata àwọn èèyàn ní ọjà Sandaga. Bíréèkì ẹ̀ ti jẹ tán, irin ló ń ha irin. Bó bá ti ń sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àdúgbò wa ní New Bell, igbe tó máa ń ké, àfi bí ewúrẹ́ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé Bàbá Muzzammil ti dé. François mẹkáníìkì wa, wọ́n ti dáná sun ibi iṣẹ́ ẹ̀ torí pé ó ṣílẹ̀kùn ní Túsìdeè, wọ́n sì là á lórí. Ni Sàlísù bá ní òun á pààrọ̀ páàdì bíréèkì náà fúnra òun, nínú ọgbà wa.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ la bẹ̀rẹ̀. Ó fi òkúta di táyà ẹ̀yìn, ó fi jáàkì gbé iwájú sókè, ó tú wíìlì. Nígbà tó yọ páàdì àtijọ́ jáde, ó na án sí mi.

"Wò ó. Ó ti fẹ́lẹ́ bí èékánná."

Ó jù ú sí ìsàlẹ̀ ìjókòó mọ́tò. Ó fi tuntun sí i. Ó wá ku ká lé afẹ́fẹ́ jáde nínú epo bíréèkì, kò sì sí bí ẹnì kan ṣe lè dá ìyẹn ṣe. Èmi jókòó síbi sítíá, ẹsẹ̀ mi lórí bíréèkì, òun wà lábẹ́.

"Tẹ̀ ẹ́!"

"Mo ti tẹ̀ ẹ́."

"Dì í mú síbẹ̀, má fi sílẹ̀ o!"

"Bàbá Muzzammil, itan ti ń ro mí."

"Itan tó o fi jó títí ilẹ̀ fi mọ́ níjọ́ ìsọmọlórúkọ Àìṣà ńkọ́? Tẹ̀ ẹ́, jàre!"

Marguerite, aládùúgbò wa, yọjú lórí ògiri. Ó ní ká rọra o, pé Aurélien àtàwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ wà ní carrefour, oríta wa. Aurélien yìí, ọmọ àdúgbò náà ni. Òun ló máa ń fọ Toyota yẹn fún wa kó tó di ọ̀gá àwọn tó ń dí ọ̀nà.

Oòrùn wọ̀, a kírun Màgáríbì. Sàlísù ká ẹní.

"Ìyá Muzzammil, Sátidé ti wọlé. Jẹ́ ká dán an wò dé carrefour. Mi ò lè kó ẹrù láàárọ̀ kí bíréèkì wá já mi kulẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yìí, kí n lọ pa ọmọ ọlọ́mọ."

Ṣé ẹ rí i, láàárín àwa Mùsùlùmí, oòrùn bá ti wọ̀, ọjọ́ ti yí nìyẹn. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀, alẹ́ Jímọ̀ là ń pè é. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí wa bá a. Kò tiẹ̀ sọ sí mi lọ́kàn pé ẹlòmíì lè kà á lọ́nà míì. Mo wé gèlè, mo jókòó tì í.

A yí kọ́nà báyìí, Aurélien ló dúró láàárín títì, irin lọ́wọ́ ẹ̀. Sàlísù tẹ bíréèkì. Mọ́tò dúró gbọin! Iwájú ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún Aurélien. Ibẹ̀ ni òkúta yẹn ti wọlé.

"Vendredi! Vendredi!" Jímọ̀ ni wọ́n ń pariwo.

Sàlísù yọrí. Ẹ ò gbọ́, ó tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. "Mon frère, oòrùn ti wọ̀, samedi ti dé!"

"Nigérian fẹ́ kọ́ wa ní ọjọ́!" Ẹnì kan nínú wọn ló kígbe bẹ́ẹ̀.

Wọ́n fà á gba fèrèsé. Igi ń bà á lẹ́yìn gbì, gbì, bí ẹní tútù tí wọ́n ń gbọ̀n. Ẹnì kan fi bóòtù tẹ ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yí ẹsẹ̀ lórí ẹ̀, mo gbọ́ tí ìka ń ṣẹ́. Wọ́n gbé táyà wá, wọ́n fi kọ́ ọ lọ́rùn. Òórùn pẹtiróòlù bo gbogbo ibẹ̀. Ọkọ mi ni wọ́n fẹ́ sun yẹn, lójú mi!

Mo fa sípánà wíìlì yọ lábẹ́ ìjókòó, mo fò jáde. Ẹni tó gbé kẹ́ẹ̀gì pẹtiróòlù, André lorúkọ ẹ̀, mo là á mọ́ ìgúnpá. Ó ké. Òmíì gbá mi lẹ́nu, mo ṣubú sí ẹnu ilẹ̀kùn mọ́tò, eyín mi kan bọ́. Ibi tí mo ti ń fọwọ́ wá sípánà, páàdì àtijọ́ lọwọ́ mi bà. Mo sọ ọ́ mọ́ Aurélien láyà.

"Ohun tó wà lẹ́sẹ̀ mọ́tò yìí láàárọ̀ nìyẹn! Ìwọ tó o máa ń fọ̀ ọ́, ṣé o ò mọ igbe ẹ̀ ni? Ká ní òun ló ṣì wà níbẹ̀, ṣé wàá ní ẹsẹ̀ tó o fẹ́ fi dúró níbẹ̀ yẹn? Ẹni tó tẹ bíréèkì fún ẹ lo fẹ́ sun!"

Pidgin ni mo fi ń sọ ọ́, ẹ̀jẹ̀ ń dà lẹ́nu mi. Aurélien mú páàdì yẹn. Ó fi àtàǹpàkò yẹ̀ ẹ́ wò bó ṣe fẹ́lẹ́ tó. Ó wo iwájú mọ́tò, ó wo orúnkún ara ẹ̀.

"Ẹ yọ táyà lọ́rùn ẹ̀."

"Chef, mọ́tò yẹn ńkọ́?" André ló bi í, ó di ìgúnpá mú.

"Ẹ sun ún."

Wọ́n sun ún. Mo gbé orí Sàlísù lé ẹsẹ̀ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ojú ẹ̀ ti wú dí, kò tiẹ̀ rí iná náà, ooru ẹ̀ nìkan ló ń kàn án lára. Gbogbo ohun tó ń sọ ò ju "Páàdì tuntun ni. Tuntun ni."

Láàárọ̀ Sátidé, ìlú kún fọ́fọ́, mọ́tò ń fun fèrè káàkiri bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. A ti fi aṣọ di ọwọ́ Sàlísù, kò lè di nǹkan mú. Ó jókòó lórí òkúta, èmi wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú eérú mọ́tò wa, mò ń tú wíìlì, torí irin tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ò jóná, ẹlòmíì lè lò ó.

"Yí i sápá òsì," ló ń wí. "Fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Àní òsì!"

Aurélien dé, ó kọ́wọ́ bọ àpò. "Maman Muzza, ṣé kí n ràn yín lọ́wọ́? Aujourd'hui, c'est permis." Ó ní òní, wọ́n ti gbà ká ṣiṣẹ́.

Mo gbé sípánà sókè. "Máa bọ̀. Gbé orúnkún ẹ yẹn wá síbí."

Ó yí padà, ó lọ.

Sàlísù ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ìyá Muzzammil, nọ́ọ̀tì tó kù yẹn ti gbó o. Rọra, má jẹ́ kó ṣẹ́."