Iná Tí Kò Ṣẹ́jú

Ìyá Rọ́bà ni àdúgbò ń pè é, yẹ̀yẹ́ ni wọ́n sì ń fi í ṣe. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ná: obìnrin tó ń na rọ́bà lọ́dọọdún pé òun fẹ́ fi ẹsẹ̀ èèyàn tan iná. Àmọ́ òótọ́ ni. Ó kun rọ́bà pẹlẹbẹ ní ẹ̀dú lójú méjèèjì, ó tẹ́ ẹ sórí àtẹ̀gùn yàrá iṣẹ́ rẹ̀. Bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, á nà, bátìrì kékeré kan á bu iná díẹ̀ sí i. Bí ẹsẹ̀ bá kúrò, á sún kì, á dá iná náà padà tòun ti èlé. Gílóòbù òkè á tàn, á kú, á máa ṣẹ́jú tẹ̀lé ẹsẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ nìkan ni kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Oníṣẹ́ iná ni, òun ló ń bá a so wáyà. “Má dá wọn lóhùn, ìyàwó mi,” ló máa ń wí. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń gbé obìnrin náà dìde láràárọ̀.

Lọ́jọ́ kan, àwọn ọ̀gá ọkọ̀ ojú irin wá wò ó, bóyá wọ́n á rà á sí àtẹ̀gùn ibùdókọ̀ wọn. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, yàrá iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n gun àtẹ̀gùn, gílóòbù tàn. Wọ́n dúró sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni ò gbé ẹsẹ̀, gílóòbù ṣì ń tàn yòò. Inú àwọn àlejò dùn. Inú tirẹ̀ dàrú.

Ó yọjú wo abẹ́ àtẹ̀gùn. Bátìrì mọ́tò ńlá kan tí kì í ṣe tirẹ̀ ló wà níbẹ̀, wọ́n fi àkísà bò ó, ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ló sì hàn lára bí wọ́n ṣe lọ́ wáyà.

“Mi ò fẹ́ kójú tì ẹ́ ni,” ọkọ rẹ̀ tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ rọra wí. “Iná tó ń ṣẹ́jú, ta ló máa gbà á gbọ́?”

“Ìwọ ńkọ́?”

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó ń fi àkísà bo bátìrì náà padà. Wọ́n ní kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ìyá Rọ́bà ti ń gbọ́ òwe yìí láti kékeré, kò mọ̀ pé òun ni ẹ̀fọ́. Ó dùn ún wọ eegun.

Ó fa wáyà náà yọ. Gílóòbù kú.

“Ẹ má bínú, ẹ̀yin ọ̀gá. Irọ́ ni iná tẹ́ ẹ rí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, kẹ́ ẹ wo tèmi.”

Wọ́n ń ṣiyèméjì sọ̀ kalẹ̀. Gílóòbù tàn, ó kú, ó tàn. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn rẹ́rìn-ín, ó tún àtẹ̀gùn náà gùn bí ọmọdé.

Ọkọ rẹ̀ ló pàtẹ́wọ́ jù. “Ṣé ẹ rí i? Ìyàwó mi nìyẹn.”

Ìyá Rọ́bà ò wo ẹ̀yìn, kò sì fọhùn. Ṣebí ọkọ rẹ̀ náà ló kọ́ ọ pé kó má dá àwọn tí kò gbà á gbọ́ lóhùn.