Àwọn Mẹkáníìkì Màmá Solange

"Màmá, ẹ má bínú sí wa," ni Fabrizio ń wí lórí fóònù. "Ọ̀gá tuntun ló ní kí gbogbo àwa mẹkáníìkì máa sùn nínú pápá eré ìje ọkọ̀. Ó ti háyà ọkọ̀ tó ní bẹ́ẹ̀dì nínú fún wa."

"Nínú ọkọ̀? Pẹ̀lú bí Nino ṣe máa ń han'run yẹn? Ẹ ó rí i!"

Fabrizio rẹ́rìn-ín. Solange náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú.

Láti ayé ọkọ rẹ̀ ni àwọn ọmọ Italy yìí ti ń wọ̀ sílé rẹ̀ ní Arnage, nílẹ̀ Faransé, ní gbogbo oṣù Kẹfà, bí ọ̀pọ̀ ìdílé nítòsí Le Mans ṣe máa ń gba àwọn tó ń tún ọkọ̀ eré ìje ṣe sílé. Ìdíje ọkọ̀ ọdún yìí bẹ̀rẹ̀ ní Qatar, ó kọjá sí Imola, ó dé Spa kó tó kan Le Mans, gbogbo ibẹ̀ ni Fabrizio ti ń pè é pé àwọn ń bọ̀. Ó ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì márààrùn-ún. Ó ti se ẹran ẹlẹ́dẹ̀ títí ó fi yọ́, ó ti rọ ọ́ sínú ìgò ẹlẹ́nu gbígbòòrò, èyí tí wọ́n máa ń fi jẹ búrẹ́dì níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu kan ṣoṣo ni ọ̀gá tuntun sọ, ó sì sọ ilé ẹni ẹlẹ́ni di ahoro.

Kò pẹ́ tí fóònù tún dún. Gaétan ni, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo.

"Màmi, ṣé ẹ ti ro ọ̀rọ̀ ilé yẹn? Ó ti tóbi jù fún yín. Ẹ jẹ́ ká tà á, kí ẹ wá máa gbé lọ́dọ̀ wa ní Nantes."

"Ibo ni àwọn mẹkáníìkì mi máa wọ̀ sí?"

Àwáwí kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

"Ṣé wọ́n ti dé?"

"Wọ́n ti dé." Irọ́ náà yá lẹ́nu rẹ̀ débi pé ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu.

"Ẹ fún Fabrizio ní fóònù kí n kí i."

Àwọn awakọ̀ eré ìje ti ń dánra wò ní pápá tó wà nítòsí ilé. Ọkọ̀ kan bú ramúramù kọjá lẹ́yìn igi, òmíràn tẹ̀lé e, fèrèsé ń gbọ̀n. Solange na fóònù síta. "Wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́. Ẹ sọ fún wọn pé èmi àtàwọn ọmọ ń bọ̀ ní alẹ́ Fúráìdè. A ó jọ jẹun."

Solange wo tábìlì. Àwo mẹ́fà ló ti tò síbẹ̀. Àánú ara rẹ̀ ṣe é, ojú sì tì í.

"Gaétan, kò sẹ́nì kankan níbí. Wọn ò wá. Wọn ò ní wá mọ́."

Ohùn Gaétan rọ̀.

"Màmi, ṣé kí n wá mú yín lónìí?"

"Rárá o. Jẹ́ kí wọ́n parí eré yẹn ná. Tó bá di Mọ́ńdè, màá tẹ̀lé ọ lọ sí Nantes."