Àtúnṣe Kì í Ṣe Àyẹ̀wò

Ìyá Kí-Nìtumọ̀ ni gbogbo wọn ń pè é níbi iṣẹ́, kò sì bínú sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá ti la ẹnu pé iṣẹ́ kan ti parí, á yọ awò ojú rẹ̀, á ní, "Ó parí bíi ti báwo? Lọ́wọ́ ta ni?" Àwọn tó wà nítòsí á bú sẹ́rìn-ín pé ẹlòmíì tún ti kó sí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí ẹ̀ gbà á gan-an nìyẹn.

Ilé-iṣẹ́ wọn ń tún ẹ̀rọ agbéniròkè ṣe, èyí tó ń gbé èèyàn lọ tó ń gbé èèyàn bọ̀ nínú ilé alájà púpọ̀. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, òṣìṣẹ́ kan á lọ tún un ṣe. Òṣìṣẹ́ mìíràn, tí kì í ṣe ẹni tó tún un ṣe, á wá lọ yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n tó ṣí i fún ará ilé. Bí àwọn tó ń ya ìlànà iṣẹ́ ní yàrá kìíní ṣe yà á nìyẹn. Àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà wà ní yàrá kejì, wọ́n ń kọ tiwọn. Láyé àtijọ́, ohun tí yàrá kìíní ń pè ní àyẹ̀wò kọ́ ni yàrá kejì ń pè bẹ́ẹ̀, kálukú á sì máa mi orí nípàdé bí ẹni pé ọ̀rọ̀ wọn ti yé ara wọn.

Ìyá Kí-Nìtumọ̀ ló mú ohun tí wọ́n ń pè ní ọ́ńtọ́lọ́jì wọlé. Kó má bàa dẹ́rù ba àwọn èèyàn, ó sọ ọ́ ní ẹbí ọ̀rọ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ilé-iṣẹ́ náà ń lò ló tò sínú rẹ̀: èyí tó jẹ́ ọmọ èyí, èyí tó gbọ́dọ̀ ṣáájú èyí, àwọn tí kò gbọdọ̀ pàdé láéláé. Ó so àwòrán ìlànà iṣẹ́ mọ́ ọn, ó so ètò kọ̀ǹpútà mọ́ ọn. Láràárọ̀, kọ̀ǹpútà á ka gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí ètò bá ń ṣe ohun tó ta ko àwòrán, iná pupa á tàn lójú ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá bára mu, àwọ̀ ewé. Ìlà tó kọ́kọ́ kọ síbẹ̀ ni pé àtúnṣe kì í ṣe àyẹ̀wò, àti pé ẹni kan ò lè ṣe méjèèjì lórí ẹ̀rọ kan náà.

Ọ̀gá àwọn tó ń kọ ètò, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ọmọ ìyá, ọmọ bàbá. Nígbà tí bàbá wọn kú, ẹ̀gbọ́n yìí ló fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fúngbà díẹ̀ kí ti àbúrò má bàa dúró. Òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀ǹpútà, tó ń gbá a lọ́wọ́ bó bá tẹ bọ́tìnì tí kò yẹ. Torí náà, nígbà tí àìsàn gbé ọmọbìnrin Ìyá Kí-Nìtumọ̀ dálẹ̀, tí wọ́n dá wọn dúró sí ọsibítù, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá pè é lórí fóònù pé, "Fi pásíwọ́ọ̀dù rẹ ránṣẹ́ sí mi, kí iṣẹ́ má bàa dúró dè ọ́," kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó tiẹ̀ tún dúpẹ́.

Iná pupa ló fi sílẹ̀ níbi iṣẹ́. Ètò tuntun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àtàwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kọ ń ṣí ẹ̀rọ fún ará ilé ní kété tí ẹni tó tún un ṣe bá ti tẹ "mo ti parí." Ètò náà kì í dúró de àyẹ̀wò rárá. Ẹ̀gbọ́n ti ní àwọn máa tún un kọ. Nígbà tí ara ọmọ yá tó padà sẹ́nu iṣẹ́, àwọ̀ ewé ló bá. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ra ohun mímu tútù kan lọ gbé sórí tábìlì ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n mi. Mo mọ̀ pé ẹ máa ṣe é."

Ẹ̀gbọ́n ṣí i, ó mu ún tán, ó ní, "Ṣé o ti rí i báyìí?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo ètò náà. Kò pẹ́ rárá tí àgbàlagbà kan nínú àwọn tó ń yẹ ẹ̀rọ wò fi já wọlé pẹ̀lú bàtà ẹlẹ́rẹ̀. Bàbá Ẹ-Jẹ́-N-Wò-Ó ni ìnagijẹ tiẹ̀.

"Ta ló ní mo ti yẹ ẹ̀rọ ilé àwọn dókítà yẹn wò? Mi ò tíì débẹ̀! Wọ́n ti ṣí i. Ó já wálẹ̀ díẹ̀, ó wá há sáàárín àjà méjì. Tíṣà kan wà nínú ẹ̀, apá ẹ̀ ti kán. Ọlọ́run ló yọ obìnrin yẹn!"

Ìyá Kí-Nìtumọ̀ jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ṣẹ̀dá ẹ̀rọ agbéniròkè kan tí kò sí níbì kankan, ó kọ ọ́ pé ẹnì kan ti tún un ṣe, pé ẹnikẹ́ni ò yẹ̀ ẹ́ wò, pé ó sì ti ṣí sílẹ̀. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ yẹ kó mú iná pupa tàn lójú ẹsẹ̀. Àwọ̀ ewé ló rí. Ó ṣí ẹbí ọ̀rọ̀ wò. Ìlà tó kọ́kọ́ kọ ti pòórá. Wọ́n ti sọ àtúnṣe di ọmọ lábẹ́ àyẹ̀wò, pé ẹni tó bá ti tún ẹ̀rọ ṣe ti yẹ̀ ẹ́ wò náà nìyẹn. Wọn ò fọwọ́ kan ètò. Ìtumọ̀ ni wọ́n yí, kó lè bá ètò mu. Orúkọ òun alára ló sì wà nídìí àyípadà náà.

Kò tíì kúrò nídìí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi pe òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí yàrá ọ̀gá àgbà. Obìnrin tí kì í pariwo ni ọ̀gá àgbà. Ó kàn ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ta ló yí i?"

Ìyá Kí-Nìtumọ̀ yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó dá a lójú pé á sọ̀rọ̀. Bóyá á ní iṣẹ́ ló ká òun mọ́ ibi tóóró, bóyá á bẹ̀bẹ̀. Òun náà ti ń wá ọ̀rọ̀ tó máa fi bá a bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹjú mọ́ ife omi tó wà níwájú rẹ̀.

"Àbúrò mi ló ń tọ́jú ẹbí ọ̀rọ̀," ó ní. "Orúkọ ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ọmọ ẹ̀ ń ṣàìsàn nígbà yẹn, ọkàn ẹ̀ lè má papọ̀."

Ti pé ó darúkọ ọmọ ọ̀hún gan-an ló dùn ún jù. Ẹ̀gbọ́n yìí náà ló gbé ọsàn wá fún ọmọ náà ní ọsibítù, tó jókòó létí bẹ́ẹ̀dì tó ń dápàárá.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ẹ sọ fún wọn."

"Kí ni kí n sọ?"

Ìyá Kí-Nìtumọ̀ yíjú sí ọ̀gá àgbà, ó ní, "Mà, ọsibítù ni mo wà lọ́jọ́ tí wọ́n yí i. Ẹ̀gbọ́n mi ni mo fún ní pásíwọ́ọ̀dù mi. Wọn ò tún ètò kọ. Ẹ ní kí wọ́n ṣí i níbí, ẹ máa rí i pé bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ló ṣì wà."

Wọ́n ṣí i. Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ló wà lóòótọ́. Ẹ̀gbọ́n gbé ife omi, ó tún gbé e kalẹ̀ láìmu. Nígbẹ̀yìn ó ní òun fẹ́ kí ètò náà kọ́kọ́ wọlé ni, òun á wá tún un ṣe tó bá yá.

Wọ́n pa ètò náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, wọ́n ti gbogbo ẹ̀rọ tí kò tíì rí àyẹ̀wò. Wọ́n yọ ẹ̀gbọ́n nípò ọ̀gá. Ìyá Kí-Nìtumọ̀ náà gba ìwé ìkìlọ̀ nítorí pásíwọ́ọ̀dù, kò sì jiyàn. Ó dá ìlà rẹ̀ padà sínú ẹbí ọ̀rọ̀. Iná pupa tàn, ó sì jókòó, ó ń wò ó.

Ìyá wọn pè é. "Ṣé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ló máa ya ẹ̀yin méjèèjì?"

"Màmá, ẹ má pè é ní ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà."

Ọjọ́ ìsinmi kan ni ẹ̀gbọ́n kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ọmọ sáré lọ dì mọ́ ọn. Wọ́n jókòó ní pálọ̀, ọmọ ń sọ̀rọ̀ ṣáá. Nígbà tí ọmọ lọ ṣeré, ẹ̀gbọ́n ní, "Ẹ̀rù ló bà mí. Ẹnu mi ló sáré."

"Èyí tí ẹ yí lórí kọ̀ǹpútà, mo ti dá a padà," ó ní. "Èyí tí ẹ sọ nínú yàrá yẹn, Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀. Ojú mi lẹ ti sọ ọ́."

"Mo mọ̀."

"Mi ò tíì lè ní kò sí wàhálà. Wàhálà wà."

Ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, torí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ń fọwọ́ kan ògiri. Òun dúró títí tí kò fi gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́, ó wá wọlé lọ wo ohun tí ọmọ ń ṣe.