Ohun Tí Ẹnu Ayùn Jẹ

...mílímítà mẹ́ta. Mílímítà mẹ́ta péré. Ẹni tí ò mọ̀ á ní kí ló wà nínú ìyẹn, hóró ìrẹsì kan gùn jù ú lọ. Àmọ́ tó bá jẹ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, mẹ́ta lẹ́ẹ̀kejì, mẹ́ta lẹ́ẹ̀kẹta, títí dé ìgbà kọkànlá ńkọ́? Àpapọ̀ rẹ̀ á jẹ́... Mi ò ṣe é. Mi ò fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo ti ba ti àbúrò mi jẹ́.

Èmi rèé lábẹ́ fèrèsé kíláàsì kẹrin, àpò sìmẹ́ǹtì tí mo kó pákó sí wà lábẹ́ apá mi, mo ń yọjú bí olè tó wá jí ṣọ́ọ̀kì. Ilẹ̀kùn ò ju ìṣísẹ̀ márùn-ún lọ. Mi ò lè wọlé. Alábẹ̀wò ilé-ìwé tí ìjọba rán ti jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Mo rí orí wọn láti ibí, orí pípá tó ń dán, mo sì rí bírò lọ́wọ́ wọn. Bírò yẹn ló ń já mi láyà. Hẹ́dímísírẹ́ẹ̀sì ti sọ ọ́ fún àbúrò mi tó jẹ́ tíṣà kíláàsì yìí, wọn ò fi bọpo bọyọ̀: "Tí wọ́n bá kọ ọ́ pé eré lẹ̀ ń fàwọn ọmọ ṣe, àkọ́sórí la máa padà sí, ẹ̀yin náà á sì lọ wáṣẹ́ síbòmíì." Eré. Ohun tí wọ́n ń pe pákó mi nìyẹn. Pákó mi sì rèé lóòótọ́, kò pé.

Àárọ̀ yìí ni mo tó mọ bó ṣe burú tó. Mò ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ni, mo dé abẹ́ bẹ́ǹṣì, mo rí òkìtì ìyẹ̀fun igi, mo sì dúró pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ìyẹ̀fun yìí, níbo ló ti wá? Ṣé ara ògiri ni? Ara pákó tíṣà ni! Ayùn mi máa ń sọ mílímítà mẹ́ta di ìyẹ̀fun nígbàkígbà tó bá gé igi. Mo sáré gé òmíràn, mo fojú sí i dáadáa, àmọ́ ọ̀wọ́ pákó kan ṣoṣo ni mo rí gé kí agogo ilé-ìwé tó lù. Ọ̀wọ́ mẹ́fà ni wọ́n ń lò nínú kíláàsì. Ọ̀kan nínú mẹ́fà... kí ni mo fẹ́ fi ọ̀kan ṣe? Kí n gbé e wọlé lójú alábẹ̀wò, kí n ní ẹ dákun, èyí tẹ́ ẹ ń lò yẹn, irọ́ ni?

Pákó ọlọ́gọ́ta sẹ̀ntímítà méje ló wà nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan wà lódindi, wọn ò gé e. Ọ̀kan di méjì, ọ̀kan di mẹ́ta, ọ̀kan mẹ́rin, ọ̀kan márùn-ún, ọ̀kan mẹ́fà, èyí tó kẹ́yìn di méjìlá. Àbúrò mi fúnra rẹ̀ ló fa ìlà sí i. Ó wá ní Sátidé, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi bó ṣe máa ń jókòó láti kékeré, ó ki pẹ́ńsùlù bọ irun, ó yọ rúlà. Gbogbo ìlà tó fà, wọ́n tín-ín-rín bí òwú. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, orí ìlà gan-an ni kẹ́ ẹ gé e o. Ẹ má fojú díwọ̀n rárá."

Ọwọ́ mi dúró. Ọlọ́run mọ̀ pé ọwọ́ mi dúró. Láti ọdún mẹ́tàlélógún tí mo ti ń gégi, mi ò gé orí ìlà rí. Ẹ̀gbẹ́ ìlà là ń gé, káfíńtà wo ni ò mọ̀ ọ́n? Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá mi kọ́ mi nìyẹn, kí wọ́n tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan ayùn pàápàá: "Ìlà ò ní ikùn, ayùn ló lẹ́nu. Bu oúnjẹ ayùn sọ́tọ̀ kó o tó bẹ̀rẹ̀." Mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì gé orí ìlà. Mo pa ẹnu mi mọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́...

Torí kí ni mo ṣe dákẹ́? Torí pé òun ni tíṣà. Èmi, olódo ni mí.

Wọ́n ti ń fi orúkọ yẹn pè mí kó tó di pé mo ní irùngbọ̀n. Kíláàsì kẹrin náà ni, bíi eléyìí. Tíṣà Pàṣán, bá a ṣe ń pe tíṣà wa nígbà yẹn, kọ ìdajì sójú bọ́ọ̀dù, wọ́n kọ ìdá kan nínú mẹ́ta tẹ̀ lé e, wọ́n ní kí n rò ó pọ̀. Mo rò ó. Ọ̀kan àti ọ̀kan, méjì. Méjì àti mẹ́ta, márùn-ún. Ìdá méjì nínú márùn-ún! Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́, mo rò pé mo ti mú un. Pàṣán ló dá mi lóhùn. Wọn ò sọ ohun tó burú níbẹ̀ fún mi, wọ́n kàn kọ òdo ràbàtà sínú ìwé mi, gbogbo kíláàsì sì ń kọrin, olódo, olódo... Ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo lọ kọ́ṣẹ́. Ìyá wa ní "Bó bá ṣe pé igi lo mọ̀, máa lọ bá igi." Wọn ò sọ ọ́ bí èébú o. Èmi ni mo gbà á bí èébú.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí mo dúró sí yìí náà, iṣẹ́ àbúrò mi ni. Ó fi ọ̀dà tó ṣẹ́kù ní ṣọ́ọ̀bù mi kọ nọ́ńbà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, láti òdo dé ogún, kí àwọn ọmọ lè máa fò ó. Fò síwájú mẹ́sàn-án, fò padà mẹ́rin, níbo lo bá ara rẹ? Mo wo ẹsẹ̀ mi. Orí òdo gan-an ni mo dúró sí. Ó kúkú yẹ mí.

Ó ti ń sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ ò ga. Báwo ló ṣe ń ṣe é? Ọmọ mẹ́rìndínlógójì, kò pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ti pín wọn sí mẹ́fà mẹ́fà, ó gbé pákó síwájú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, kò sì sọ ohun tí wọ́n ń pè é. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án ná. Wọ́n ń tò ó, wọ́n ń tú u, ariwo pákó ń ta kàkà. Òun dúró, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń wò wọ́n bí ẹni tó ń wo ìkòkò tí kò tíì hó. Èmi ì bá ti là á yé wọn tán! Òun ò kánjú. Ó jẹ́ kí wọ́n rí i fúnra wọn pé lójú lásán, ègé méjì lára èyí tó di mẹ́fà jókòó déédéé lábẹ́ ègé kan lára èyí tó di mẹ́ta. Ìgbà tí ọ̀kan pariwo pé "Wọ́n bára mu!" ló tó kọ orúkọ àwọn ìdá náà sójú bọ́ọ̀dù. Ó dára púpọ̀. Àbúrò mi mọ iṣẹ́. Kì í ṣe torí pé ọmọ ìyá mi ni.

Lórí àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo rí agolo mílíìkì tó kún fún ìdérí ọtí ẹlẹ́rìndòdò, mo rí ìgbálẹ̀ tó já sí wẹ́wẹ́ tó fi rọ́bà dì ní mẹ́wàá mẹ́wàá. Ohun táwọn èèyàn ń dà nù. Ó sọ ìdọ̀tí gbogbo ilé wa di ìṣirò.

Ó ti kọ ọ́ báyìí. Ìdajì. Ìdá kan nínú mẹ́ta. Kí la máa rí tá a bá rò ó pọ̀?

Mo fọwọ́ mú ògiri.

Ọmọ kan nawọ́. Mo mọ ohun tó fẹ́ sọ kó tó lanu. "Méjì nínú márùn-ún!" Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín mi gan-an ni. Má rẹ́rìn-ín, ọmọdé, o ò mọ ohun tó ń bọ̀... Kò sí ohun tó bọ̀. Àbúrò mi kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù, gàdàgbà, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ àgbà ni. Ó ní "Ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ ká bi pákó." Ọmọ náà mú ègé méjì lára èyí tó di márùn-ún, ó tò ó sábẹ́ ìdajì. Ó wò ó. Ó tún un wò. "Ṣùgbọ́n... ó kéré sí ìdajì nìkan! A tún ti fi nǹkan kún un, ó sì tún kéré sí i!" Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó nà án.

Ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn. Ohun tó burú níbẹ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ! Mo ti gbé e kiri láti kékeré bí ẹrù tí mi ò lè sọ̀, àṣé ìṣẹ́jú méjì àti pákó méjì ló lè bá mi sọ̀ ọ́. Omijé lé ròrò sí mi lójú, àgbàlagbà bíi tèmi, lábẹ́ fèrèsé.

Ká ní ó parí síbẹ̀ ni. Ọmọbìnrin kan wà lọ́wọ́ ẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ há, kò sì bojú wẹ̀yìn: "Tíṣà, tiwa ò pé."

Ó dé. Ọmọ yẹn ti to méjèèjìlá sábẹ́ odindi. Àlàfo wà níbẹ̀, ìka méjì á wọ̀ ọ́. Orí pípá yẹn gbéra, wọ́n dìde wá wò ó, bírò wà lọ́wọ́ wọn síbẹ̀. Ilẹ̀, là, kó o gbé mi mì. Kí n wọlé báyìí? Kí n ní èmi ni, ẹ má bínú sí i, káfíńtà olódo ni mí? Mo fún àpò sìmẹ́ǹtì mọ́ ìhà.

Tíṣà Pàṣán ì bá ní "Jókòó, ó pé, ìwé ló wí bẹ́ẹ̀." Àbúrò mi ń wo àlàfo náà. Mo mọ ìwò yẹn. Má purọ́ fún wọn, àbúrò mi... àbí kó o purọ́, torí iṣẹ́ rẹ...

"Òótọ́ lo sọ. Kò pé. Mi ò rí i tẹ́lẹ̀. Níbo ni ìyókù lọ?"

Mi ò rí i tẹ́lẹ̀! Níwájú alábẹ̀wò! Ta ló bí ọmọ yìí? Àwọn ọmọ ti ń dáhùn, eku ló jẹ ẹ́, oòrùn ló fún un, káfíńtà ló jí i! Ó kọ gbogbo rẹ̀ sójú bọ́ọ̀dù, ó kọ káfíńtà ló jí i náà. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí nínú ìbẹ̀rù mi. Ó ní kí wọ́n wo àwọn yòókù. Èyí tó di méjì, àlàfo tín-ín-rín, mílímítà mẹ́ta lórí rúlà. Èyí tó di mẹ́ta, pẹ́ńsùlù á fẹ̀yìn lélẹ̀ níbẹ̀. Èyí tó di mẹ́rin tún fẹ̀ sí i. Ó ń kọ ọ́ lọ sílẹ̀, kò sọ nǹkan kan, ó sì dúró. Ìkòkò tí kò tíì hó. Ọmọbìnrin olóhùn há yẹn ló pariwo: "Ayùn! Ayùn ló ń jẹ ẹ́!"

Àbúrò mi sì ń rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ọ, mo sì tún gbọ́ ọ nínú orí mi, bí ẹni pé mo fẹ́ fi í pamọ́: "Ẹni tó gé pákó yìí mọ̀ jù mí lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Nígbà tí mo kéré, èmi ni mo máa ń di etí téèpù mú fún wọn, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ìdá, kí n tó mọ ìwé kà. Wọ́n máa ń ní ká bu oúnjẹ ayùn sọ́tọ̀. Èmi ni mo gbàgbé. Èmi ni mo ní kí wọ́n gé orí ìlà."

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ... lọ́dọ̀ ta ni? Lọ́dọ̀ èmi?

Ó ti ń bi wọ́n. Pákó di méjìlá, ìgbà mélòó layùn jẹun? Wọ́n ní méjìlá. Ó ní kí wọ́n kà á. Mọ́kànlá! Mílímítà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, ìgbà mọ́kànlá, mélòó ló jẹ? "Ẹ má sọ fún mi, ẹ fi hàn mí." Gbogbo wọn tẹrí ba. Ìdérí ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Alábẹ̀wò ti ki bírò bọ àpò, wọ́n lóṣòó ti ọmọbìnrin yẹn, ẹ wo ìka wọn, wọ́n ń ka ìka...

Bí mo bá fẹ́ ra pákó, mo máa ń mọ iye tí ayùn máa jẹ kí n tó kúrò nílé. Ojoojúmọ́. Mi ò kọ ọ́ sílẹ̀ rí. Mo ṣáà pè é ní iṣẹ́.

Ẹnu mi ti ń mì kí n tó mọ̀. Àpò sìmẹ́ǹtì ṣì wà lábẹ́ apá mi, kò sẹ́ni tó rí mi, kò tíì sẹ́ni tó dáhùn nínú kíláàsì.

Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n.

Wọ́n ṣì ń kà á lọ́wọ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.