Onílé Wà Lókè Òkun

Níbo ni onílé wà? Ìbéèrè yìí kò le lójú ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ, nítorí ilé kì í ṣe abẹ́rẹ́ tí ènìyàn ń rí he láìmọ ẹni tó sọ ọ́ nù. Ṣùgbọ́n ilé kan wà, oníyàrá mẹ́ta àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan, tó jẹ́ pé, yàtọ̀ sí àwọn àkọ́kọ́, gbogbo ẹni tó wá wò ó láti rà ló bi alágbàtà ní ìbéèrè náà, èsì kan náà ni gbogbo wọn sì gbà: onílé wà lókè òkun. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, onílé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń bèèrè, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń wo àjà bí ẹni tí kò rí i rí.

Awọnlẹ̀ ni àwọn ará àdúgbò ń pè é, nítorí iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ló ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí kí òjò tó kọjá yìí tó bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sunkún, kò bínú, oúnjẹ kò sì dùn tàbí kó korò lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ní kí ó ta ilé, kí ó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, ó ní kò burú. Bí ọmọ náà bá ní kí ó dáná sun ún ni, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé èsì yẹn kan náà ni ì bá fún un.

Ọmọ yìí ló bá a wá alágbàtà. Ọkùnrin náà wọ bàtà dídán, ẹnu rẹ̀ dùn, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Inú ilé ni àwọn olùrà àkọ́kọ́ ti bá Awọnlẹ̀. Wọ́n rí irùngbọ̀n tí kò fá, wọ́n rí bàtà obìnrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n sì ná ilé náà bí ẹni ń ná aṣọ òkú. Lẹ́yìn èyí ni alágbàtà jókòó tì í, tó to ọ̀rọ̀ fún un lẹ́sẹẹsẹ. Ó ní ọjà tí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ bá tà kì í pé iye. Ó tún ní bí ènìyàn bá rí ẹlòmíràn tó ń wo ohun tí òun ń wò, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yá. Nítorí náà, kí onílé rin ìrìn àjò lọ sókè òkun, kí Awọnlẹ̀ sì di olùrà kan tó wá wo ilé. Awọnlẹ̀ yẹ àlàyé náà wò tinú tẹ̀yìn, kò rí ibi tó ti ṣẹ́. Ó ní kò burú.

Bó ṣe di àlejò nínú ilé ara rẹ̀ nìyẹn. Kò tilẹ̀ nira. Ó ń kan ilẹ̀kùn ara rẹ̀, ó ń bèèrè ibi tí balùwẹ̀ wà. Nígbà tí tọkọtaya kan ní ilé ìdáná náà ṣókùnkùn, ó mi orí pé òótọ́ ni. Bí alágbàtà bá sì ń ròyìn onílé, pé ẹni jẹ́jẹ́ ni, pé kò tíì pẹ́ tó lọ, Awọnlẹ̀ a máa tẹ́tí sí i bí ẹni ń gbọ́ ìròyìn ojúlùmọ̀ àtijọ́. Lójú tirẹ̀, alágbàtà kò fi gbogbo ara purọ́. Bí a bá ní ènìyàn wà níbì kan, ohun tí a ń sọ ju pé ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ilẹ̀ ibẹ̀ lọ. Bí a bá fi ìyẹn wọ̀n ọ́n, onílé ti rìn jìnnà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, awakọ̀ kan mú ìyá rẹ̀ wá wo ilé náà. Awakọ̀ yìí kò lọ́rọ̀ lẹ́nu. Ìyá rẹ̀ ń fi ọ̀pá rìn, ó sì ń sọ̀rọ̀ tirẹ̀ àti ti ọmọ rẹ̀ pọ̀. Ara Awọnlẹ̀ ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ bọ́ sí.

"Ìwọ bàbá yìí, ṣé ìwọ lo fẹ́ bá wa du ilé?"

"Mo kàn ń wò ó ni, ìyá."

"Ojú ẹni tó ń wo nǹkan máa ń là. Tìrẹ dà bí ti ẹja orí àtẹ."

Awakọ̀ bẹ ìyá rẹ̀ pé kó má bú ọmọ ọlọ́mọ. Ìyá ní òun kò bú ẹnikẹ́ni, àpèjúwe lòun ṣe. Alágbàtà rẹ́rìn-ín ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí ó mọ̀ pé ọjà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Awakọ̀ ti sọ fún un pé àtẹ̀gùn ibi tí àwọn ń gbé ti ń dá ìyá òun lágara, àti pé bí ìyá bá ti fẹ́ ilé yìí, òun kò ní ná an lọ títí. Alágbàtà ti sọ èyí sí Awọnlẹ̀ létí, ó sì ti kìlọ̀ fún un pé kó ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Bí àṣírí bá tú, kò sí ẹni tí yóò ra ilé lọ́wọ́ ẹni tó ti tàn án.

Wọ́n wo pálọ̀, wọ́n wo yàrá, wọ́n wá dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Igi gbọọrọ kan wà lára ògiri níbẹ̀, láti ẹnu yàrá dé ẹnu balùwẹ̀. Ìyá gbé ọ̀pá fún ọmọ rẹ̀, ó di igi náà mú, ó lọ, ó sì bọ̀. Igi náà bá ọwọ́ rẹ̀ mu gẹ́lẹ́, àtẹ́lẹwọ́ ti fi ìrìn dán an. Lẹ́yìn náà ló dúró, ó fi ìka tọ ara ògiri lókè igi náà, níbi tí àwọn ojú ihò ìṣó tí wọ́n ti dí wà: ìlà kan lókè, òmíràn nísàlẹ̀ rẹ̀, òmíràn nísàlẹ̀ ìyẹn, kó tó wá kan igi fúnra rẹ̀.

Ó bèèrè ohun tí èyí jẹ́. Alágbàtà ní ọ̀ṣọ́ ni.

"Ọ̀ṣọ́ kẹ̀? Ẹ̀yìn ẹnì kan ló ń tẹ̀ nínú ilé yìí, ọmọ mi. Bó ṣe ń tẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ lẹnì kan ń gbé igi yìí wálẹ̀ tẹ̀ lé e."

Awọnlẹ̀ ń wo àwọn ihò náà. Ṣíbí tí ìyàwó rẹ̀ fi ń lo oògùn ló fi dí wọn. Obìnrin náà jókòó sórí àga lọ́jọ́ náà, ó ń wò ó, ó sì ní, "Ilẹ̀ gbogbo ayé lo wọ̀n, ògiri kan ṣoṣo lo wọ̀n tó wọ́." Òótọ́ ni, ìlà kejì wọ́. Láti ọjọ́ ìsìnkú ló ti ń wá ohùn obìnrin yìí nínú orí ara rẹ̀ tí kò rí i. Ara ògiri ló wá bá a. Nǹkan kan ta á láyà, kò pọ̀, ó dà bí ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà sínú ẹsẹ̀ tó kú.

Ìyá yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó ní òun lè sùn nínú ilé yìí, ṣùgbọ́n òun kò ní sùn nínú ilé tí òun kò mọ ojú ẹni tó ni ín. Ó ní òun fẹ́ rí ẹni tó kan igi náà, kí òun lè kí i. Alágbàtà ní wọ́n lè kí i lórí fóònù.

"Èmi kì í bá fóònù sọ̀rọ̀. Mo ní, níbo ni onílé wà?"

Alágbàtà la ẹnu. Awọnlẹ̀ mọ gbólóhùn tó ń bọ̀. Bó bá dákẹ́, ilé ṣì lè tà lónìí, ọkàn ọmọ rẹ̀ á sì balẹ̀. Bó bá sọ̀rọ̀, gbogbo rẹ̀ lè fọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó gbé méjèèjì lé ìwọ̀n, kò rí èyí tó wúwo ju èkejì. Àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kò dúró de ìwọ̀n. Ọwọ́ náà kúrò lẹ́yìn rẹ̀, ó sì bà lé orí igi náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ ìyá arúgbó.

"Ibí ni mo wà, ìyá."