Ohun Tí Vilasini Gbọ́ Lọ́jọ́ Túsìdé

"Ta ló sọ ọ́ nínú yín?"

Vilasini ò tíì jókòó. Ẹnu ọ̀nà yàrá ìkàwé ló dúró sí, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, epo èèpo kajú sì ti sọ ìka rẹ̀ di dúdú. Àwọn mẹ́fà tó jókòó yípo ń wò ó. Kò sí dókítà láàárín wọn. Gbogbo wọn ni orí ti dà rú fún rí, tí wọ́n sì ti sùn sí ilé ìwòsàn ọpọlọ. Gbogbo ọ̀sán Sátidé ni wọ́n ń pàdé ní ìlú Kollam níbí, ní Íńdíà, kí wọ́n lè jọ di ara wọn mú.

"Fara balẹ̀ ná, àbúrò," Bhaskaran dáhùn. Kọ́ńdọ́kítọ̀ bọ́ọ̀sì ni tẹ́lẹ̀, òun ló sì dàgbà jù níbẹ̀. "Bí a ṣe máa ń ṣe é ni ká ṣe é. Kí lo fojú rí? Kí lo fetí gbọ́? Èwo lo fi kún un fúnra rẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò fi nǹkan kan kún un! Ibí yìí ni mo ti sọ ní Sátidé tó kọjá pé àwọn ohùn yẹn tún ti ń pè mí látìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi gan-an ò mọ̀. Nígbà tó di Túsìdé, ọ̀gá wa obìnrin gba òòlù tí mo fi ń fọ́ kajú, ó gbé ìgbálẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ó ní ẹni tó ń gbọ́ ohùn ò gbọdọ̀ di òòlù mú láàárín èèyàn."

"Ṣé ó dá ọ lójú pé ẹnu ẹ̀ lo ti gbọ́ ọ?" Thampi, ọ̀kan nínú wọn, bi í. "Èmi náà gbọ́ tí rédíò ń dárúkọ mi nígbà kan. Ketekete báyìí!"

"O ṣì ń lo oògùn rẹ, àbí?" ẹlòmíì béèrè.

"Mò ń lò ó." Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. Ó wá ń fura sí etí ara rẹ̀. Ariwo pọ̀ níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà lóòótọ́. Ó yíjú sí Lissy, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ máa ń wọkọ̀ lọ sílé.

"Lissy, ìwọ lo mọ̀ mí jù. Ṣé ó tún ti dé ni? Ṣé kí n padà sí ilé ìwòsàn?"

Lissy gbé ojú kúrò lára rẹ̀.

"Kì í ṣe àìsàn," ó sọ níkẹyìn. "Èmi ni. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi bá mi fi ọ́ sínú àdúrà, mo sì sọ ìdí rẹ̀ fún un. Òun àti ọ̀gá yín ni wọ́n jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Inú Vilasini kọ́kọ́ dùn. Etí rẹ̀ ò parọ́ fún un. Lẹ́yìn náà ni inú wá bí i.

"O wá ń wò mí, tí wọ́n ń bi mí bóyá mo lo oògùn?"

"Ẹ̀rù ló bà mí."

"Mo mọ àṣírí tìẹ náà, Lissy. Ilé ìwé tí o ti ń se oúnjẹ fún igba ọmọ ò mọ̀ ọ́n."

Ojú Lissy yí padà.

"Mi ò ní sọ ọ́." Vilasini fa àga kan. "Ṣùgbọ́n má jókòó tì mí lónìí. Ẹ̀gbọ́n Bhaskaran, ta ló kàn láti sọ̀rọ̀?"