Ọ̀rọ̀ Tí Akàròyìn Kò Lè Tẹnu Mọ́

Akàròyìn lórí rédíò ni ọkọ aránṣọ kan kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ọgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: nínú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń tẹnu mọ́, á sì jẹ́ kí ìyókù kọjá jẹ́jẹ́. Àfi bí ẹni pé rédíò nìkan kò tó o, ó gbé ọgbọ́n náà wọlé tọ ìyàwó. Tó bá ní ọbẹ̀ dùn, tí kò sì fa "dùn" náà díẹ̀, ìyàwó rẹ̀ á ti mọ̀ pé ebi ló kàn ń pa á. Ọjọ́ pẹ́ tí aránṣọ ti ń gbọ́ ọ báyìí, kò sì ṣì í gbọ́ rí.

Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá ọkùnrin náà wó, ọ̀rọ̀ padà sí i lẹ́nu, ṣùgbọ́n okun ohùn kò bá a padà. Ọ̀rọ̀ ń dá ṣáká o, kò kàn sí èyí tó wúwo ju èkejì lọ mọ́ ni.

Ọmọbìnrin wọn wá láti ìlú kejì, ó ní òun fẹ́ mú bàbá òun lọ sọ́dọ̀ òun, nítorí pé apá ìyá òun ò ká ìtọ́jú rẹ̀ mọ́. Inú bí aránṣọ, ó ní ta ló sọ fún un. Síbẹ̀, ó yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Ẹ fẹ́ bá a lọ ni, àbí ẹ fẹ́ dúró?"

"Mo fẹ́ dúró."

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń kéde pé wọ́n máa ti omi ẹ̀rọ lọ́la. Aránṣọ gbà pé ojú òun lásán ló ń wò. Tó bá dénú rẹ̀ ni, ì bá tẹnu mọ́ ọn. Ẹ má dá a lẹ́bi, bí ọkọ rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Aránṣọ ń di ẹrù ọkọ rẹ̀, ó ń sunkún.

Nínú mọ́tò, ọkùnrin náà tún ní, "Mo fẹ́ dúró." Ó tún sọ ọ́, ó tún sọ ọ́. Dókítà sì ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé ó lè máa tún ọ̀rọ̀ sọ. Aránṣọ fọwọ́ pa á lórí, ó ti ilẹ̀kùn mọ́tò.

Nírọ̀lẹ́, ọmọ pè pé àwọn ti dé. Ó ní Dádì ò sinmi, gbólóhùn kan náà ni wọ́n ń sọ títí àwọn fi kọjá ìdajì ọ̀nà kí wọ́n tó dákẹ́. Ìgbà yẹn ló yé aránṣọ pé ọkọ òun ti tẹnu mọ́ ọn, pé àtúnsọ nìkan ló ṣẹ́kù fún un láti fi ṣe é. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àgékù aṣọ, ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́. Ó ní kí ọmọ gbé fóònù sí bàbá rẹ̀ létí.

"Mo ti gbọ́ yín. Mo ń bọ̀ wá mú yín wálé lọ́la."

Ọkọ rẹ̀ fèsì.

"Ó dáa."

Aránṣọ lẹ fóònù mọ́ etí. Kò mọ̀ bóyá inú ọkọ òun dùn ni, àbí gbogbo rẹ̀ ti sú u. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó tún un sọ. Kò tún un sọ.